Àwọn Ará Malta Dó ti Deer Park

Lọ́dún 1986, nígbà tí owó epo já wálẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ Houston ń dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́tùn-ún lósì, ogun kan wọ ìlú náà tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ò gbúròó rẹ̀. Ọmọ ogun méjìlá ni wọ́n. Wọn ò gbé ìbọn, wọn ò gbé idà. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni wọ́n dì sínú àwọ̀n. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì fún orílẹ̀-èdè Malta ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, kì í ṣe malta inú ìgò tí à ń mu níbi ìkómọ. Erékùṣù ni, láàárín òkun, ó sì kéré débi pé ẹni tó bá jí lówùúrọ̀ lè wa mọ́tò yí i ká kó tó jẹun ọ̀sán. Àwọn tó ń ka Bíbélì mọ̀ ọ́n sí Melita, níbi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti fọ́.

Ọmọ Yorùbá kan wà láàárín wọn. Rahmon Àkànmú lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìwó, ó ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé títẹ̀ba ló ń tẹ̀ba wọlé. Ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Deer Park, lẹ́bàá Houston, ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Oṣù kẹta ni wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ìwé tó fi ń gbé Amẹ́ríkà máa kú lópin oṣù keje, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ibi tó ti ń ro ti ara rẹ̀ kiri ni wọ́n ti pè é pé kó wá máa wa bọ́ọ̀sì àwọn ará Malta fún ọjọ́ mẹ́wàá, kó sì máa bá wọn sùn ní mòtẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ kejì, Paul, kóòṣì wọn, rí i bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù, ó ní kó bọ́ síta kó máa ṣe bí ọ̀tá nígbà ìdánrawò. Lọ́jọ́ kẹta, Paul pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kíláàbù kan wà nílé tí kò ní ọkùnrin gíga, òun á kọ̀wé kí Rahmon wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún méjì. Wọ́n ti tẹ ìwé náà. Ó ku kí Paul fọwọ́ sí i kí wọ́n tó fò lọ lọ́jọ́ Àìkú. Ìwé yẹn ni Rahmon ń fi ọkàn jẹ, òun ló ń fi ọkàn mu.

Ìjà mẹ́ta ni wọ́n dá, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà tó lé Rahmon gan-an ni wọ́n sì dá a pẹ̀lú, nítorí àwọn géńdé tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì pọ̀ níbẹ̀. Nínú ìjà kìn-ín-ní, wọ́n fi pọ́ìntì mọ́kànlélógún na Malta. Nínú ìkejì, mẹ́tàdínlógún. Ká sọ tòótọ́, nínà kì í ṣe tuntun lójú wọn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Paul ti ń kó wọn jẹ̀yà káàkiri Yúróòpù. Ó níbi tí wọ́n ti fi àádọ́ta nà wọ́n, ó níbi tí ẹni tó ni gbọ̀ngàn ti ń pa iná kí wọ́n tó wẹ̀ tán. Akọ̀wé báǹkì, tíṣà, àwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, irú wọn ló ń gbá a, lẹ́yìn iṣẹ́, lórí kọnkéré tí òjò ń pa. Ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké ń bọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ni wọ́n ṣe wá sí Texas kí ara wọn le.

Kì í ṣe nínà tí wọ́n nà wọ́n ló ń dùn wọ́n. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ọ̀tá ń mọ inú wọn. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn a máa fi ìka júwe ètò tí wọ́n fẹ́ lò. Malta ti jáwọ́ nínú ìyẹn láti ìgbà tí ẹgbẹ́ kan ti ka ìka wọn bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Ẹnu ni wọ́n ń lò báyìí, lédè tiwọn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni: *erba*, *hamsa*, *seba*, ìyẹn ètò mẹ́ta, àti *lemin*, pé ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Bí wọn ò bá pe *lemin*, òsì ni. Nínú bọ́ọ̀sì, nínú mall, nínú ilé oúnjẹ, wọ́n á máa sọ ètò ogun wọn sókè, ọkàn wọn á balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. "Ta ló fẹ́ gbọ́ wa ní Texas?" Francis, kapúténì wọn, ló máa ń wí bẹ́ẹ̀. Ó nígbọ̀nwọ́ bí igi ìdáná, ó sì fẹ́ràn èdè rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn ìyá.

Síbẹ̀, bí Francis bá ti pariwo *seba, lemin*, kó tó gbé ẹsẹ̀, ọmọkùnrin Deer Park méjì á ti dúró sí ọ̀tún, wọ́n ń retí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́. Nígbà tí ìjà kejì fi máa parí, kálukú ti ń wojú ẹnì kejì rẹ̀. Ta ló tún mọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ní gbogbo Houston, yàtọ̀ sí àwọn ará Malta? Ẹnì kan ṣoṣo ni. Ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì wọn ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ ìjà kẹta, wọ́n pe ìgbìmọ̀ sí yàrá tí mòtẹ́ẹ̀lì ti ń pín kọfí. Nígbà tí Rahmon wọlé tòun ti kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́, gbogbo wọn panu mọ́. Kò sẹ́ni tó kí i. Ẹnì kan dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Jókòó, Rahmon," Paul ní. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé ni, ohùn rẹ̀ kì í sì í ga.

Francis ò jókòó ní tiẹ̀. "Ibo lo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn?"

"Deer Park."

"Ilé-iṣẹ́ wo ní Deer Park?"

"Èyí tí à ń bá jà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láàárín ara wọn. Paul gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

"Lọ́jọ́rú," Francis ní, "kí ìjà kejì tó bẹ̀rẹ̀, mo rí ọ. O sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, o dojú bolẹ̀ gbalaja níwájú bàbá kan tó wọ aṣọ wọn. Àyà rẹ kan ilẹ̀. Láyé mi, ibi tí mo ti rí irú ẹ̀ ni ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù bá ń fi ènìyàn jẹ àlùfáà. Ẹ̀jẹ́ wo lo jẹ́ fún un?"

"Kì í ṣe ẹ̀jẹ́. Mo kí i ni."

"O kí i."

"Bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa nìyẹn. Bí mo bá rí i tí mo dúró gbọnrangandan tí mo ní héélò, wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́."

Francis wo àwọn yòókù, ó rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. "Mo wádìí bàbá náà. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ló sọ fún mi. Sọ fún kóòṣì: ilé ta lò ń gbé?"

Ìbéèrè tí àyà Rahmon ti ń já fún láti ọjọ́ Ajé nìyẹn. Òótọ́ ni. Bàbá Shamsudeen ló wá iṣẹ́ Deer Park fún un lọ́jọ́ sí. Nígbà tí wọ́n dá a dúró, bàbá náà ló ní kó wá máa sùn ní apartment òun ní àdúgbò Spring, oṣù kẹrin rèé. Lẹ́yìn iṣẹ́, Bàbá Shamsudeen ló ń bá ẹgbẹ́ náà di bándéèjì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì wọn ló ń jókòó. Rahmon ò sọ ọ́ nítorí ó mọ bí ojú á ṣe wò ó. Àìsọ ọ́ yẹn ló wá pa á báyìí.

"Ilé rẹ̀ ni," ó ní.

Wọn ò pariwo. Ìyẹn ló burú jù. Gbogbo wọn kàn sún àga sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tí nǹkan ń rùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Fi ohun tí o bẹ̀rù búra," Paul ní.

Rahmon dìde. "Wọ́láhì. Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, bí mo bá ta ètò yín fún ẹnikẹ́ni, kí ọwọ́ mi méjèèjì yìí má gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láéláé."

"Ẹni tó bá ta ènìyàn ni ìbúra rẹ̀ máa ń gùn," Francis ní. Ó yíjú sí Paul. "Kóòṣì, kíláàbù bàbá mi ni ìwé yẹn ń lọ. Títí ọ̀rọ̀ yìí á fi yé mi, ẹ má fọwọ́ sí i."

Paul ká ìwé náà, ó fi í sí àpò àyà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń lọ lórí freeway nírọ̀lẹ́, tí èéfín ilé-iṣẹ́ Deer Park ti ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán, Paul wá jókòó sí àga tó wà lẹ́yìn awakọ̀. Ó tẹ̀ síwájú títí ẹnu rẹ̀ fi kan etí Rahmon.

"A ti yí i padà," ó ní. "Lónìí, bí Francis bá pe *lemin*, òsì là ń lọ. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún lẹ́yìn àwọn agbábọ́ọ̀lù."

Rahmon wo dígí. Gbogbo àwọn yòókù ti kó ara wọn sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni ò wo apá ibi táwọn wà. Ó mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé pàkúté ni. Wọn ò yí nǹkankan padà. Bí Deer Park bá lọ dúró sí òsì lónìí, ó parí, nítorí òun nìkan ni wọ́n sọ òsì fún. Inú bí i, ẹ̀rù sì tún bà á. Ó rò ó pé, bí wọ́n bá wá lọ sí òsì ní ṣìbáṣìbo ńkọ́? Ta ló máa gba òun gbọ́?

Ìjà bẹ̀rẹ̀ láago márùn-ún. Francis gba bọ́ọ̀lù, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó pariwo *seba, lemin*. Àwọn ọmọkùnrin Deer Park sáré lọ sí ọ̀tún, wọ́n já bọ́ọ̀lù gbà. Ó tún pe *hamsa, lemin*, wọ́n tún sáré sí ọ̀tún. Lẹ́ẹ̀kẹta, Paul yíjú wo Rahmon, ó rọra mi orí. Ọ̀tún ni wọ́n ń lọ, wọn ò lọ sí òsì rárá. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ Rahmon ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ó yẹ kí inú Rahmon dùn. Inú rẹ̀ ò dùn, nítorí ó ti rí nǹkan mìíràn. Lórí bẹ́ǹṣì ọ̀tá, Bàbá Shamsudeen jókòó ti kóòṣì wọn, bándéèjì lórí itan. Bí Francis bá ti lanu, bàbá náà á tẹ̀ sí etí kóòṣì, kóòṣì á sì pariwo sí àwọn ọmọ rẹ̀. Rahmon wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ó rántí ṣòkòtò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti ya ilé bàbá náà lọ kó aṣọ ìdọ̀tí sílẹ̀. Bébà tó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà sí, tó fi ń há a sórí, ibo ló wà? Àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò yẹn ni. Àbí bàbá yìí ti tú òun lápò? Ẹni tó fún òun ní bẹ́ẹ̀dì, tó ń dá oúnjẹ sí fún òun? Ìbúra tó ṣe láàárọ̀ wá ń wúwo lọ́kàn rẹ̀. Ó ti fi Ọlọ́run búra pé òun ò ta ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé inú ṣòkòtò òun ló ti jáde.

Nígbà ìsinmi, Malta ti fi mẹ́sàn-án wà lẹ́yìn. Paul fà á sí kọ̀rọ̀, Francis tẹ̀ lé wọn.

"Mo dẹ pàkúté fún ọ, o ò kó sí i," Paul ní. "Mo tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n o ti rí nǹkan. Ibì kan ṣoṣo lo tẹjú mọ́ láti àárín eré."

"Ta ni?" Francis ní. "Dárúkọ ẹ̀ báyìí."

Rahmon wo àpò àyà Paul, níbi tí ìwé wà. Ó rọrùn láti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n kó tó na ìka sí bàbá tó gbà á sílé, níwájú òyìnbó, ó fẹ́ kọ́kọ́ bi í fúnra rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ," ó ní, ó sì gba àárín gbọ̀ngàn kọjá lójú gbogbo wọn.

Bàbá Shamsudeen ń ká bándéèjì. Rahmon dọ̀bálẹ̀, ó dìde. "Bàbá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ rí bébà kan nínú àpò ṣòkòtò mi?"

"Bébà wo? Ṣé èmi ni màá wá di ẹni tó ń tú ọ lápò?" Bàbá náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí ló dé tí ojú ẹ rí báyìí?"

"Wọ́n ní èmi ni mò ń sọ ètò wọn fún yín."

Bàbá Shamsudeen gbé bándéèjì sílẹ̀. "Ta ló nílò kó sọ fún mi? Wọ́n ń pariwo ẹ̀ sí mi létí. Àrúbáà, hámúsà, sábáà, yàmínì. Kéwú ni, ẹnu wọn ló kàn gé e kúrú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ẹnì kan ń ka kéwú nínú bọ́ọ̀lù. Mo fetí sí i títí dé ìdajì eré kó tó yé mi. Ilé-iṣẹ́ yìí ló ń bọ́ mi, mo sì sọ ohun tí mo gbọ́ fún wọn. Ọmọ ọdún márùn-ún tí mò ń kọ́ ní mọ́ṣáláṣí wa lọ́jọ́ Àìkú mọ̀ ọ́n." Ó tẹjú mọ́ Rahmon. "Ìwọ ò mọ̀ ọ́n?"

Bàbá náà ò dúró gbọ́ èsì, ó gbéra, ó lọ bá àwọn ará Malta níbi tí wọ́n kóra jọ sí, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ fún wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ojú Francis pọ́n. "Èdè wa kì í ṣe èdè Lárúbáwá. Nígbà tí a dé, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi dá wa dúró ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ń bi wá bóyá Lárúbáwá ni wá. Ìwọ náà tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀?" Ó sì wá rí ẹ̀sùn mìíràn, ó yí padà sí Rahmon. "Mùsùlùmí nìwọ náà. Bí ohun tí bàbá yìí wí bá jẹ́ òótọ́, o ti ń gbọ́ wa láti ọjọ́ kìn-ín-ní. O dákẹ́, ò ń gbọ́ wa."

Ojú gbogbo wọn tún padà sára Rahmon. Paul pàápàá fi ọwọ́ bo àpò rẹ̀.

Bàbá Shamsudeen mí kanlẹ̀. Ó yíjú sí Rahmon, ó sì fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀. "Àkànmú, ohun tí màá ṣe yìí ò dùn mọ́ mi." Ó wá padà sí Gẹ̀ẹ́sì. "Ka oókan dé ẹ̀wá ní kéwú. Kà á sókè kí gbogbo wọn gbọ́."

Rahmon gbójú sókè. Ní Ìwó, nígbà tó wà ní kékeré, ó máa ń fi wàláà rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ilé alfa, á sì sá lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ọgbà ilé-ìwé. Ìwọ̀nba súrà tó fi ń kírun ló há sórí, ohùn wọn ló sì mọ̀, kò mọ ìtumọ̀ wọn.

"Wáhídù," ó ní. "Ìsínánì. Sàlásà."

Ó dúró. Wọ́n ń retí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tún dé *sàlásà*, ó tún dúró. Ìtìjú bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Orúkọ Ọlọ́run ni wọ́n sọ ọ́, kò sì lè ka ẹẹ́rin.

Agbábọ́ọ̀lù kan láti ẹ̀yìn, tó jẹ́ tíṣà, rọra ka *erba* tẹ̀ lé e, ó sì ń kà á lọ ní ohùn ìsàlẹ̀. Bàbá Shamsudeen ń ka tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, *erba* pàdé *àrúbáà*, ẹẹ́rin ni méjèèjì. Àwọn méjèèjì jọ dé ẹ̀wá. Francis gbọ́ ọ, gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ó ti ń lọ́ra kó tó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù bá a rẹ́rìn-ín. Rahmon ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ìkà.

"Fọwọ́ sí i, kóòṣì," Francis ní. "Ọlọ̀tẹ̀ ò lè ya dìndìnrìn tó báyìí."

Paul fọwọ́ sí ìwé náà lórí ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù, ó nà án sí Rahmon.

Ní ìdajì kejì, ẹnu Malta dákẹ́. Ìka ni wọ́n tún padà sí. Deer Park ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ mọ́, Bàbá Shamsudeen náà jókòó, ọwọ́ lẹ́rán. Pọ́ìntì méjì ni Malta fi borí. Paul jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn, ó ń sunkún bí ọmọdé, wọ́n sì ń wó lé e lórí.

Rahmon ò sí níbẹ̀. Ó ti lọ dúró ti bàbá tó gbà á sílé, ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì lè wò ó lójú.

"Bàbá, ẹ dójú tì mí."

"Mo dójú tì ọ́ kí wọ́n má baà lé ọ." Bàbá Shamsudeen ń to bándéèjì sínú báàgì. Kò gbójú sókè. "Ṣé o mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín? Gbogbo oṣù tí o fi wà lọ́dọ̀ mi, mo bẹ̀ ọ́ kí o jókòó ti àwọn ọmọ kéwú wọ̀nyẹn lọ́jọ́ Àìkú kan ṣoṣo. O ní iṣẹ́ ń dí ọ. Nísinsìnyí, ọdún méjì gbáko lo fẹ́ lọ lò lọ́dọ̀ àwọn tó jẹ́ pé kéwú yẹn ni wọ́n ń sọ."

Rahmon ká ìwé náà, ó fi í sápò. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà.

"Bàbá," ó ní, "kí ló kàn lẹ́yìn sàlásà?"